Ọjọ́ Tí Láóyè Gbé Ìbọn Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Rẹ̀

“Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?” Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà tó ń parí ìjà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tí onílé ń sọ fún pé kó máa wọlé bọ̀, ajá òun kì í gé èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Níbo ló wà nígbà tó ń sọ ọ́? Bí ẹ bá ní ọdẹ ni, ẹ ti fẹ́ débẹ̀, ẹ kò tíì débẹ̀. Bí ẹ bá ní jagunjagun ni, ẹ lọ jókòó. Onígbàjámọ̀ ni. Ibi tó sì ti sọ ọ́ kò bójú mu rárá, ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò rí ìbọn rí ju èyí tó wà léjìká ọlọ́pàá lọ. Apátí ni irin kékeré tí ọdẹ ń fi ìka fà. Òun ló ń jẹ́ kí iná kan ẹ̀tù, tí ìbọn fi ń ró. Bí a bá yọ apátí kúrò lára ìbọn, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ọ̀pá irin lọ. Èèyàn lè fi ro ọkà bó bá wù ú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo wàhálà tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ahéré kò ju pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láyé àwọn bàbá ńlá wa, onígbàjámọ̀ kan wà ní ìlú Òkè-Ahéré, Láóyè lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bó bá ń fá orí ìkókó, ìkókó náà á sùn lọ. Àwọn àgbà tí kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn fọwọ́ kan orí wọn á wá jókòó lórí àpótí rẹ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á na ọrùn fún abẹ. Èèyàn dáadáa ni. Àléébù kan péré ló ní, n kò sì ní bá a fi pamọ́: ojo ni. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá já ewé lẹ́yìn rẹ̀ lóko, ilé ló ń bọ̀ yẹn.

Àwọn ìmàdò tó wà nínú igbó mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú ju àwọn ará ìlú lọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wọ oko Láóyè. Bí wọ́n bá ti yọ, Láóyè á gun igi. Wọ́n á máa wú iṣu jẹ, òun á máa wò wọ́n láti òkè. Wọ́n ní akọ ńlá kan wà nínú wọn tó máa ń gbójú sókè wo orí igi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, bí ẹni tó ń kí onílé.

Ì bá jẹ́ pé iṣu tí Láóyè fẹ́ jẹ ni, ì bá má burú. Èèyàn lè jẹ ọkà. Ṣùgbọ́n iṣu àna ni. Láóyè ń fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Ọdẹ́níran tí í ṣe Olúọ́dẹ ìlú náà. Àṣà ìlú wọn sì ni pé lásìkò ìjẹsu, àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ ru iṣu tí òun fúnra rẹ̀ gbìn wá sílé àna kí wọ́n tó fa ìyàwó lé e lọ́wọ́. Iṣu ọjà kò ṣeé mú wá. Ìjẹsu àkọ́kọ́, Láóyè kò rí nǹkan kan gbé wá. Èkejì, ó gbé díẹ̀ wá, àpá eyín ìmàdò sì wà lára wọn. Ìyá Ìbídùn wo iṣu náà títí, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ló yẹ kí wọ́n fún níyàwó.

Ọdẹ́níran pe Láóyè jókòó. Ó ní, “Láóyè, n kò kórìíra rẹ. Ìwọ lò ń fá orí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gba iṣu lẹ́nu ìmàdò, kí ló máa gbà lẹ́nu ẹkùn? Bí ìjẹsu tó ń bọ̀ yìí bá kọjá, tí iṣu kò dé, ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọrọ ọmọ mi. Màá fún un.”

Láóyè jáde síta, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé tí Ìbídùn bá ń kọjá lọ́nà odò, ńṣe ni abẹ rẹ̀ máa ń dúró lórí oníbàárà. Ìbídùn tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn ọgbà. Ọmọ yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kó má rẹ́rìn-ín, kì í sì í rẹ́rìn-ín kó má ti ro nǹkan kan. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ lọ ra ìbọn. Bàbá mi kì í kọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti ra ìbọn dání ló ń kọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni Láóyè ṣe gba ilé àgbẹ̀dẹ lọ. Ẹ wá wo ohun tó gbé dání: jígí rẹ̀. Jígí tó ń fi han àwọn oníbàárà bí orí wọn ṣe rí lẹ́yìn ìfárí, òun ló gbé kọ́ apá lọ ra ìbọn.

Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ gbójú sókè láti ìdí ẹwìrì. Ó wo onígbàjámọ̀, ó wo jígí. Ó ní, “Kí lo fẹ́ fi ìbọn pa?”

“Ìmàdò ni, Bàbá.”

“Ṣé o ti yìnbọn rí?”

“Mo ti gbọ́ ọ rí.”

“O ti gbọ́ ọ rí. Níbo lo wà tí o ti gbọ́ ọ?”

Láóyè kì í purọ́. Ó ní, “Abẹ́ ibùsùn ni.”

Ògúnrìndé ju irin ọwọ́ rẹ̀ sínú omi kó má baà fi í sun ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó mú ṣakabùlà kan kúrò lára ògiri, ìbọn ọdẹ gígùn, ó gbé e lé Láóyè léjìká. Ó ní kó fi ìdí rẹ̀ ti èjìká dáadáa, kó fẹ àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀, kó wo ọ̀ọ́kán. Láóyè kò wo ọ̀ọ́kán. Jígí ló wò. Ó gbé e ti ògiri, ó ń yí síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀, ẹnu ìbọn sì gba ìkòkò omi alágbẹ̀dẹ, ìkòkò fọ́.

“Bàbá, èyí mú kí n kúrú,” ló sọ.

Ó ti rí òmíràn lórí pẹpẹ. Ìbọn ìléwọ́ ni, èyí tí a ń fi ọwọ́ kan dì mú. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi idẹ dè é lóríṣiríṣi. Láóyè mú un. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó gbé e síbàdí, ó sì tì í bọ inú àpò abẹ rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó wo jígí, ó rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò bá pàdé rí, tó jọ ẹni tí ìmàdò lè bọ̀wọ̀ fún.

Ògúnrìndé gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ọmọ mi, ìbọn kì í ṣe fìlà tí à ń yàn níwájú jígí. Ṣakabùlà gùn, ó wúwo. Kí o tó yí i kọjú sí ẹnìkan, wàá ti ní àyè láti ronú. Ìléwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú rẹ bá yí sí, ẹnu rẹ̀ á ti débẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọṣẹ́ nìyẹn wà fún. Èyí tó gùn ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.”

“Bàbá, èyí ni ọkàn mi yàn.”

Ta ló lè bá ọkàn jà? Alágbẹ̀dẹ mú ẹ̀mú, ó yọ apátí ìbọn náà, ó sì fi ewé dì í. Èèwọ̀ ni ní Òkè-Ahéré kí ẹni tí kò tíì mọ ìbọn lò gbé ìbọn àti apátí lọ sílé pọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ọ ni apátí ń lọ. Láóyè fúnra rẹ̀ dúró, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé ó dúró, ó sì wò ó.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àna, Ọdẹ́níran gba ewé náà, ó tú u wò, ó sì sọ apátí sínú àpò awọ tó máa ń gbé kọ́rùn. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Máa gbé ìbọn rẹ kiri títí di ọjọ́ ọjà ńlá tó ń bọ̀. Máa bá a jẹun, máa bá a ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ohun tí o kò fẹ́ pa. Bí o bá ti lè ṣe ìyẹn, wá gba apátí rẹ lọ́dọ̀ mi.”

“Ṣé ìyẹn náà ni ẹ̀kọ́, Bàbá?”

“Òun náà ni.”

Láóyè ń rìn lọ sílé, ó ń rò ó pé àna òun ń fi òun ṣeré. Kí lèèyàn fẹ́ kọ́ lára irin tí kò lè ró? Ó dá mi lójú pé bí ẹ̀yin náà bá wà níbẹ̀, ohun tí ẹ máa rò nìyẹn. Èmi náà ì bá rò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò retí. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là fún un. Àwọn géńdé tó máa ń gbá a léjìká kọjá tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń bọ́ sínú koríko kó lè kọjá. Àwọn tí kì í kí i ń kí i láti òkèèrè, òkèèrè náà ni wọ́n sì ń kí i dúró. Ẹni tí ìmàdò ń kí láti ọjọ́ yìí, èèyàn wá ń kí i. Orí rẹ̀ wú. Ó fi ìléwọ́ náà ṣe ọwọ́ kẹta. Bí ẹnìkan bá bi í léèrè ọ̀nà odò, ẹnu ìbọn ló ń fi júwe. Bí ẹ̀yìn bá ń yún un, ìbọn náà ló fi ń họ ọ́. Bí ẹlẹ́bọ́lọ̀ bá ń bá a ṣọ̀rọ̀, yóò nà án sí i, yóò ní, “Ìyá, ẹ̀bọ́lọ̀ yín dà?” Obìnrin náà á gbé ẹ̀bọ́lọ̀ jù sílẹ̀, á sì sọ fún un pé kó máa kó o lọ.

Tí wọ́n bá ti sá, Láóyè á rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará ibí yìí, kò mà ní apátí!”

Ọjọ́ tó kan Baálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Baálẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó dijú, ó na ọrùn. Láóyè ti fá apá ọ̀tún orí rẹ̀ tán, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Ó kù kó yí sí apá òsì. Dípò kó sọ pé “Baálẹ̀, ẹ yí orí síhìn-ín,” ó ti mọ́ ọn lára, ó fi abẹ sílẹ̀, ó mú ìbọn, ó fi júwe. Baálẹ̀ la ojú. Ihò ìbọn ló rí.

Àwọn tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà sọ pé àwọn kò mọ̀ pé Baálẹ̀ ṣì lè sáré. Ó sá gba àárín àwọn alátẹ kọjá, aṣọ ìfárí lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ pá lápá ọ̀tún, ó dúdú lápá òsì. Ẹni tó dúró lọ́tùn-ún rí ọkùnrin kan tó kọjá, ẹni tó dúró lósì rí òmíràn. Láóyè ń sá tẹ̀lé e, abẹ lọ́wọ́ kan, ìbọn lọ́wọ́ kejì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun parí iṣẹ́.

Ó ń ké pé, “Baálẹ̀, ẹ fi ọ̀fun yín sílẹ̀ fún abẹ mi láti àárọ̀, abẹ tó mú! Irin tí kò lè ró lẹ wá ń sá fún?”

Baálẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn igi ìgbá, “Abẹ rẹ, mo mọ ibi tó ń lọ!”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó jókòó lórí àpótí Láóyè mọ́. Irun kún ìlú. Baálẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ dé etí, ó kó àwọn ìjòyè lẹ́yìn, wọ́n lọ fi ẹjọ́ sun Olúọ́dẹ pé kó pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wá kó bá a wí.

Ó yẹ kí Ọdẹ́níran bínú. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni Láóyè ń fi tàfàlà. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ṣí fìlà kó lè rí ohun tí ojú òun rí, ẹ̀rín sì gba Olúọ́dẹ lọ́kàn. Inú rẹ̀ tún ń dùn díẹ̀ pé gbogbo ìlú ń sá fún ẹni tí òun ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ṣe máa ń ṣe. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ọrùn rẹ̀, ó fa apátí náà yọ, ó ń mì í níwájú wọn.

Ó ní, “Ẹ ò rí i? Òun nìyí. Ọwọ́ mi ló wà. Ọ̀pá irin lásán lẹ̀yin àgbààgbà ń sá fún. Bí ẹ bá kojú ẹkùn bí èmi ṣe kojú ẹkùn, kí lẹ máa wá ṣe?” Ó dá apátí padà sínú àpò, ó ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀la lọjọ́ ọjà ńlá, ọmọ náà ń bọ̀ wá rí òun. Baálẹ̀ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà á wà níbẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Láóyè wọ aṣọ tó dáa jù lọ nínú aṣọ rẹ̀. Ó ti fi òróró nu idẹ ara ìbọn rẹ̀ títí tó fi ń dán, ọwọ́ ló sì fi mú un kí àna lè rí bí òun ṣe tọ́jú rẹ̀. Àgbàlá Olúọ́dẹ kún. Àwọn ọdẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Baálẹ̀ jókòó sórí àpótí pẹ̀lú fìlà rẹ̀, Ìbídùn ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ jókòó sí iwájú ọgbà ewúrẹ́, igbá ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin tó bá fẹ́ gba ìyàwó mọ bó ṣe yẹ kó kí àna. Láóyè kò kúnlẹ̀, kò tẹrí ba. Ó nà gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìbọn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó ṣe nà án síwájú báyìí, ẹnu ìbọn náà wo Olúọ́dẹ ní ìdodo.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀,” ni Láóyè wí, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó gbọ́ ni igbá tó balẹ̀, àti igbe ewúrẹ́. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó àna rẹ̀. Ọdẹ́níran tó kojú ẹkùn, tí wọ́n ní ẹfọ̀n yà fún lọ́nà, ti fo ọgbà. Ó wà láàárín àwọn ewúrẹ́, ó dojú bolẹ̀, ẹ̀kọ sì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ di àpò awọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú gírígírí. Nínú àpò náà ni apátí wà.

“Gbé nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀!” ó kígbe.

“Bàbá, kò ní apátí,” ni Láóyè wí. Ó yà á lẹ́nu gan-an ni. “Apátí rẹ̀ ló wà lọ́rùn yín yẹn.”

Gbogbo ojú lọ sí àpò awọ náà. Ọdẹ kan wúkọ́ láìsí ìdí. Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ dé, kò yára, kò lọ́ra. Ó ní, “Olúọ́dẹ, ẹ kú ìnira. Ọ̀pá irin lásán mà ni.”

Ẹ̀rín bú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dun àgbà tó báyìí, ibi tí kò yẹ ló máa ń bọ́ sí. Ọdẹ́níran fa ara rẹ̀ dìde láàárín ewúrẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ojú ẹdun. Ó ní, “Láóyè, gba ilé rẹ lọ. Iṣu rẹ dé, kò dé, kò sí ìyàwó fún ọ nínú ilé yìí. Ẹni tó fi ìbọn kí mi láàárọ̀, kí ni yóò fi kí mi lálẹ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Láóyè lọ́kàn. Ó sọ ìbọn sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún jù ni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó ní, “Bàbá, kí ni mo ṣe? Kò lè pa èèrà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kò lè pa èèrà. Ọmọdé pàápàá kò yẹ kó sá fún un. Ṣé torí pé ẹ̀rù ba àgbà láìnídìí ni èmi yóò ṣe pàdánù Ìbídùn?”

Ìbídùn gbé ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, ó nu ọwọ́ lára ìró, ó dìde. Ìyá rẹ̀ fà á láṣọ, kò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìléwọ́ náà nílẹ̀.

“Olówó orí mi, ẹ tún un sọ.”

“Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Kò ní apátí.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ojú mi báyìí ni Ògúnrìndé ṣe yọ ọ́.”

“Ọmọdé kò gbọdọ̀ sá fún un?”

“Kò gbọdọ̀ sá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Ìbídùn wí, ó sì yí ẹnu ìbọn náà kọ àyà Láóyè.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ rántí. Ọkùnrin yìí dúró lágbẹ̀dẹ, ó wò ó nígbà tí wọ́n ń yọ apátí. Òun ló ń gbé ìbọn náà káàkiri látìgbà yẹn, òun ló ń fi họ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ láyé yìí pé ìbọn náà kò lè ró. Ṣùgbọ́n ara kì í dúró gbọ́ àlàyé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí i nígbà tó fò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tó kúnlẹ̀ sí ti ṣófo, àwọn ewúrẹ́ sì tún bú sígbe lẹ́ẹ̀kejì. Orí àna rẹ̀ ló balẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀ nínú ìgbẹ́ ewúrẹ́, ọ̀kan lórí ọ̀kan.

“Ìbídùn!” Láóyè ń ké láti abẹ́ òbúkọ. “Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!”

“Kò mà ní apátí,” ni Ìbídùn wí.

“Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?”

Bí Láóyè ti sọ ọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ìbídùn rọra gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri ibi tí kò sí èèyàn, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Lábẹ́ Láóyè, ara Olúọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láóyè rò pé òun ti ṣe àna òun léṣe. Àṣé ẹ̀rín ni. Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ kan fi fi í sílẹ̀ lọ dúró sí igun. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí o lọ kọ́ nìyẹn. Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀ níwájú Baálẹ̀ lánàá. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ lónìí.” Baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ bọ́, gbogbo àgbàlá sì rí orí onílàjì náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi sí ẹni tó lè fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àna rán Láóyè ni pé kó lọ mú abẹ wá, kó parí orí Baálẹ̀ níbẹ̀. Baálẹ̀ jókòó, ó sì na ọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọdẹ́níran yọ apátí nínú àpò rẹ̀. Láóyè na ọwọ́, ṣùgbọ́n Olúọ́dẹ gbé e kọjá rẹ̀, ó fi lé Ìbídùn lọ́wọ́. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó wà nílé, Ìbídùn nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.

Láóyè dá ìléwọ́ àti apátí rẹ̀ padà fún Ògúnrìndé pẹ̀lú ìkòkò omi tuntun, ó sì mú ṣakabùlà gígùn náà; Ìbídùn ló gba apátí ti ṣakabùlà pa mọ́. Kò gbé jígí lọ. Ó kọ́ bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn ohun tí a fẹ́ yìnbọn sí kí a tó yìnbọn. Lọ́jọ́ kan, àwọn ìmàdò wọ oko gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Akọ ńlá náà gbójú sókè láti kí onílé. Kò rí ẹnikẹ́ni lórí igi. Àárín ebè ni Láóyè dùbúlẹ̀ sí. Àwọn kan ní ọta bà á, àwọn kan ní kò bà á, pé ìyàlẹ́nu ló pa á. Èyí ó wù kó jẹ́, iṣu dé ilé àna nígbà ìjẹsu, kò sì sí àpá eyín kankan lára rẹ̀. Wọ́n fa Ìbídùn lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹran ìmàdò. Apátí wà ní ìdí ìró rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ náà ló sì wà títí tí wọ́n fi dàgbà. Bí Láóyè bá fẹ́ lọ sóko ọdẹ, yóò kọ́kọ́ lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìjà nínú ilé wọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń rọ̀ yín pé kí ẹ sún mọ́ ohun ewu torí pé ewu rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lónìí, pé ejò náà ti kú, pé ọ̀rọ̀ eré ni ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ yín ń sọ, ìgbà yẹn làwọn àgbà ń pa òwe náà: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó ń fi ohun ẹ̀rù ṣe eré, tó wá ń bínú pé àwọn èèyàn ń sá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bá yín jiyàn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn yí i kọjú sí òun náà, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn ọgbà ewúrẹ́ sílẹ̀ fún un.